Ẹ Ka Lẹ́tà Wẹ́wẹ́ Kí Ẹ Tó Ra Awò Oòrùn

Lónìí, ọ̀rọ̀ awò oòrùn ni a fẹ́ sọ, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní lùnẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé nǹkan afẹ́ ni awò oòrùn. Wọ́n ní ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ sí òde ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gun zémìjàn ní Àjàṣẹ́, ẹni tó ń da àwọ̀n sí ọ̀sà, ẹni tó ń roko ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ, gbogbo wọn ló ń fi ojú ko oòrùn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ọkọ́ ti jẹ́ irinṣẹ́ àgbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni awò rere jẹ́ irinṣẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n awò tí kò dára lè burú ju kí ènìyàn má lo awò rárá lọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra awò kan fún ẹ̀gbọ́n mi tó ń gun zémìjàn. Awò náà dúdú bí èédú. Wọ́n lẹ bébà kékeré mọ́ ọn, wọ́n kọ « Polarisé » sí i. Mo san 2.000 fáránkì, inú mi sì dùn. Kò pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ní bí òjò bá ti dá, ìmọ́lẹ̀ tó ń ta láti orí títì ọ̀dà ṣì ń gún òun lójú bíi ti tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i. Èyí tó dùn mí jù ni pé mo ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, n kò wá èyí tó ṣe pàtàkì jù ú lọ.

Kí ni ọ̀rọ̀ náà? UV400 ni. Nínú ìtànṣán oòrùn, èyí tí ojú ń rí wà, èyí tí ojú kì í rí náà wà. Èyí tí a kì í rí ni wọ́n ń pè ní UV. Òun ló ń sun awọ ara. Bí ó bá ń wọ ojú lọ́dọọdún, ó lè mú kí ìkùukùu funfun tètè bo ojú. Ó tún lè mú kí ẹran hù láti ẹ̀gbẹ́ ojú wá sórí ẹyinjú. Awò tí ó jẹ́ UV400 lóòótọ́ ń dá ìtànṣán yìí dúró.

Ẹ má ṣe rò pé awò tó dúdú jù ló ń dáàbò bo ojú jù. Nínú òkùnkùn, ihò dúdú tó wà láàárín ẹyinjú máa ń là sí i. Bí awò bá dúdú tí kò sì dá UV dúró, ihò náà á là, UV á sì rí àyè wọlé.

Iṣẹ́ tí polarisé ń ṣe yàtọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kọlu omi, títì tó tutù, tàbí gíláàsì ọkọ̀, ó máa ń ta padà ní ìbú. Ẹ fi wé ọgbà tí a fi ọparun ṣe. Igi tí a gbé dúró lè gba àárín ọparun kọjá, ṣùgbọ́n èyí tí a gbé ní ìbú kò lè kọjá. Báyìí ni awò náà ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà dúró. Apẹja á rí inú omi dáadáa. Onízémìjàn á rí ihò tó wà lójú ọ̀nà.

Bí ẹ bá fẹ́ ra awò, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ wá UV400 lára awò tàbí nínú apá rẹ̀.

2. Ẹ wá nọ́ńbà tó tẹ̀lé « Cat. ». Nọ́ńbà 3 dára fún oòrùn líle. Nọ́ńbà 4 dúdú jù, kò yẹ kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ tàbí tó ń gun alùpùpù lò ó.

3. Ẹ dán polarisé wò. Ẹ gba inú awò wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń ta lórí omi, kí ẹ sì máa yí awò náà díẹ̀díẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ń dín tí ó sì ń pọ̀, òótọ́ ni. Bí kò bá yí padà, irọ́ ni.

4. A kò lè fi ojú lásán dán UV wò. Ẹ gbé awò náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe awò ojú tó ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n.

Bí owó kò bá tó, èrò tèmi ni pé kí ẹ fi polarisé sílẹ̀, kí ẹ mú UV400. Polarisé ń mú kí ojú rọ̀ wá, UV400 ló ń dáàbò bò ó. Àgbẹ̀ tí kò wà létí omi lè fi akẹtẹ̀ tó fẹ̀ kún un, ó ti tó. Ẹ má sì gbàgbé àwọn ọmọ, nítorí UV ń wọ ojú ọmọdé ju ti àgbà lọ.

Ẹ má ṣe lo awò oòrùn lóru. Ẹ má sì ṣe fi í wo oòrùn fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀ ní Tógò àti ní Bẹ̀nẹ̀. Awò tí a ṣe fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Awò oòrùn kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ polarisé.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ̀yin ti mọ ìwé kà báyìí, kí ẹnikẹ́ni má fi bébà kékeré tàn yín jẹ. Bí ẹ bá ní awò oòrùn nílé, ẹ mú un wá sí kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí a jọ ka ohun tí wọ́n kọ sí i.