Ojú Ìwòye Wa: Ilé Tiwa, Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́ Ẹlòmíràn

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ti ń ra ilé ńlá ní Stone Mountain, Lithonia, Norcross àti Lawrenceville: ilé ìjọsìn, gbọ̀ngàn àríyá, ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, ilé ọ́fíìsì. Bí a bá ń rà á, òrùlé ni a máa ń yẹ̀ wò, àti ibi ìgbọ́kọ̀sí, àti iye tí báńkì yóò yá wa. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè pé èdè wo ni ẹ̀rọ amúlétutù inú ilé náà ń sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn la mú wá lóṣù yìí, nítorí owó wà nínú rẹ̀.

Ilé ńlá kì í lo thermostat kan ṣoṣo bí ilé tí à ń gbé. Ẹ̀rọ adarí kéékèèké ló wà káàkiri inú rẹ̀: ọ̀kan ń ṣọ́ ooru yàrá, ọ̀kan ń ṣí ojú ihò afẹ́fẹ́, òmíràn ń tan iná tó sì ń pa á, gbogbo wọn sì ń jábọ̀ fún kọ̀ǹpútà kan. Kí wọ́n tó lè jábọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè ara wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 1990, olúkúlùkù ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí ló ní èdè tirẹ̀, tí kì í fi han ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ra tiwọn lẹ́ẹ̀kan ti di oníbàárà wọn títí láé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wò ó bí ọ̀rọ̀ ọjà. Ká ní gbọ̀ngàn kan ní ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́jọ lórí òrùlé, tí adarí ọ̀kan wá bà jẹ́ ní oṣù keje, nígbà tí oòrùn Georgia ń jó ni bí iná, tí ìgbéyàwó sì wà lọ́jọ́ Sátidé. Bí èdè inú ilé náà bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, aṣojú wọn nìkan ló lè tún un ṣe. Iye tó bá pè ni ẹ ó san, ọjọ́ tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni yóò wá. Ẹ kò lè ná an, nítorí kò sí ìsọ̀ kejì tí ẹ lè yà sí. Ìyá wa tó ń ra ata ní Bódìjà kò jẹ́ gba irú rẹ̀. Kí ló dé tí àwa ọmọ rẹ̀ fi ń gbà á nínú ilé olówó gọbọi?

Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ pé ẹgbẹ́ tó wá ojútùú sí i kò jìnnà sí wa. ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà tó ń rí sí ìgbóná àti ìtutù ilé, ti ní olú ilé iṣẹ́ wọn ní Tullie Circle nínú Atlanta fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó kó lọ sí Peachtree Corners ní 2020. Ní 1987 ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, tí H. Michael Newman ti Cornell University jẹ́ alága rẹ̀, láti ṣe èdè kan tí kò ní jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kankan. Ó tó bí ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó parí rẹ̀. (Ẹni tó bá ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìwé òfin ẹgbẹ́ kò ní yà lẹ́nu.) Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1995, wọ́n pè é ní BACnet, ní 2003, àjọ àgbáyé ISO náà gbà á. Automated Logic tó wà ní Kennesaw níbí wà lára àwọn ilé iṣẹ́ tó tètè gbà á wọlé. Ẹnikẹ́ni ló lè ra ìwé ìlànà náà kí ó sì ṣe ẹ̀rọ tó ń sọ ọ́, láìsan owó ìyọ̀ǹda fún ẹnikẹ́ni. Òun nìkan kọ́ ló wà. Modbus ti wà láti 1979, LonWorks náà wà. Ṣùgbọ́n BACnet ni ẹ ó bá pàdé jù.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Bí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ mọ àwọn tó wà nínú ilé, yóò ké jáde pé "Ta ni?", olúkúlùkù ẹ̀rọ yóò sì dáhùn pé "Èmi ni", pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, bí ìgbà tí ọdẹ àdúgbò bá pàdé èrò lóru. Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè bí ooru ṣe tó lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ó pàṣẹ pé kí wọ́n dín in kù. Ìbáà ṣe Jámánì ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ náà, ìbáà ṣe Kennesaw, bákan náà ni yóò dáhùn. Irú nǹkan yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní 1875 ni ìjọ CMS ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Ará Èkìtì ń sọ tirẹ̀ nílé, ará Ìjẹ̀bú ń sọ tirẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń ka lẹ́tà ara wọn.

Àwọn kan yóò ní ó sàn kí ènìyàn bá ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo lò, kí ó lè mọ ẹni tí yóò mú bí nǹkan bá bà jẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ju méjì lọ kò tilẹ̀ nílò wàhálà yìí. Ẹ ra thermostat tó dáa, kí ẹ lọ sinmi. Ilé ńlá ni ọ̀rọ̀ wà fún. Láti 2015 ni ìlú Atlanta ti ṣòfin pé kí àwọn ilé okòwò tó bá ju 25,000 square feet lọ máa jábọ̀ iye iná àti omi tí wọ́n ń lò lọ́dọọdún. Ta ló fẹ́ máa fi ọwọ́ kọ iyẹn láti ara mítà kan dé òmíràn?

Ohun tó ń bí wa nínú ni àwọn tó ń kọ BACnet gàdàgbà sórí ìwé ìpolówó wọn, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ onílé láti inú. Ẹ̀rọ wọn ń sọ èdè gbangba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe ni ọ̀rọ̀ ìwọlé wà, wọn kì í sì í ta software tí a fi ń ṣètò ẹ̀rọ náà fún ẹlòmíràn. Onílé wá di ayálégbé nínú ilé ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò náà wà níbẹ̀, tí àwọn ọlọ́jà kì í fẹ́ sọ. BACnet ìṣáájú kì í béèrè ẹni tó ń pàṣẹ. Ẹni tó bá ti dé orí wáyà, ọ̀gá ni. Ẹ má so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbangba, ẹ má sì jẹ́ kí ó pín Wi-Fi pẹ̀lú àlejò àríyá. Ẹ̀yà tuntun tí wọ́n ń pè ní BACnet/SC, tó jáde ní nǹkan bí 2019 sí 2020, ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ bí báńkì ṣe ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Fún àwọn ọ̀dọ́ wa, iṣẹ́ gidi wà nínú èyí. Georgia Piedmont Technical College ní DeKalb wà lára àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ti fi í kọ́ni. Nítorí pé èdè náà kì í ṣe ti ẹnì kan, ohun tí ọmọ bá kọ́ níbí yóò wúlò fún un ní Èkó pẹ̀lú.

Ní ti ìgbìmọ̀ tó ń bá ẹgbẹ́ wa wá gbọ̀ngàn, ohun tí à ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n tó buwọ́ lu ìwé kankan, kí wọ́n gba iye lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta ó kéré tán. Kí wọ́n wá àmì BTL, tó fi hàn pé wọ́n ti dán ẹ̀rọ náà wò. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé gbogbo ọ̀rọ̀ ìwọlé, ẹ̀dà ètò inú ẹ̀rọ àti software rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí. Agbaṣẹ́ṣe tó bá ní òun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì pe ẹni tó kàn.