Ìbò Tí N Kò Dì



Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹta, ọdún 2023 tí a dìbò gómìnà, bọ́ọ̀lù ni àwọn ọ̀dọ́ ń gbá lójú títì ládùúgbò wa ní Bódìjà, nítorí ọkọ̀ kò rìn. Èmi jókòó sílé. Nígbà tí màmá mi ti ibùdó ìdìbò dé, wọ́n bi mí pé, "Ṣé o ò ní í lọ ni?" Mo ní, "Màmá, kí ni ìbò tèmi nìkan fẹ́ yí padà?" Wọ́n wò mí títí, wọn kò fèsì.

Ìṣirò ló fún mi lésì. Ènìyàn 3,276,675 ló forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìbò 563,756 ni Gómìnà Ṣèyí Mákindé fi fẹ̀yìn àwọn alátakò rẹ̀ janlẹ̀. Nínú ènìyàn 100 tó forúkọ sílẹ̀, 17 péré ló yàn án. Ti Ààrẹ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ: nínú 93,469,008 tó forúkọ sílẹ̀, 8,794,726 ló dìbò fún Ààrẹ Tinúbú, kò tó 10 nínú 100. Wọn kò jí ipò wọn nítorí èyí. Àwa tí a jókòó sílé la fi àṣẹ wa lé àwọn díẹ̀ lọ́wọ́.

Olóṣèlú mọ ìṣirò yìí jù wá lọ. Ojú rere ẹni tó ń dìbò ni yóò máa wá. Bí àwọn ọ̀dọ́ Àgbowó kò bá jáde, ta ni yóò ka ọ̀rọ̀ owó ilé wọn sí? Bí olùdìbò bá sì kéré, ìbò tí ẹni tó fẹ́ fowó ra ipò nílò kò ní í pọ̀.

Kì í ṣe ọ̀lẹ ló dá gbogbo ènìyàn dúró. Wọ́n ti àwọn yunifásítì pa nígbà ìdìbò 2023. Akẹ́kọ̀ọ́ tó forúkọ sílẹ̀ nítòsí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, tó sì ti padà sọ́dọ̀ òbí rẹ̀, kò lè dìbò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àjọ INEC fàyè gbà wá láti gbé orúkọ wa lọ sí ibùdó mìíràn lásìkò ìforúkọsílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó di ọjọ́ ìdìbò kí ẹ tó rántí.

Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Mo ti yọ káàdì ìdìbò mi kúrò nísàlẹ̀ àpótí. Lọ́jọ́ ìdìbò tó ń bọ̀, èmi àti màmá mi la ó jọ tò sórí ìlà. Ẹ̀yin ńkọ́?