IGBÁ Ẹ̀YÌN ÌJÀPÁ: BỌ́Ọ̀TÙ NI WỌ́N FI DÈ É, Ẹ MÁ JẸ́ KÍ WỌ́N FI ṢÍSÙ GÉ E!

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ìtàn bí Ìjàpá ṣe já bọ́ láti òkè ọ̀run, tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì tò ó pọ̀ padà. Àwọn tó kọ́kọ́ pe Volkswagen róbótó nì ní mọ́tò Ìjàpá mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Títò ni wọ́n to ara mọ́tò náà pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti Ọ̀yọ́ títí dé Ògbómọ̀ṣọ́, bí fẹ́ńdà Ìjàpá bá ti dípẹtà báyìí, ohun tí àwọn kan nínú àwọn pánẹ́lì bítà kọ́kọ́ ń nawọ́ sí ni ṣísù àti gáàsì. Ẹ̀yin èèyàn wa, owó olówó ló ń ṣòfò yẹn!

Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Ìjàpá. Ferdinand Porsche ló ya àwòrán rẹ̀ kí ogun Hitler tó bẹ́ sílẹ̀. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Èkó, lójú ọ̀nà Badagry. Ọdún yẹn náà ni owó Udoji bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí tíṣà àti akọ̀wé ń ra ohun tí wọn kò lè rà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 30 oṣù keje 2003, Ìjàpá tó kẹ́yìn ní gbogbo ayé jáde ní Mẹ́síkò. Láti ọjọ́ náà, kò sí tuntun mọ́. Èyí tó wà nílẹ̀ náà ló wà nílẹ̀. Fẹ́ńdà àtijọ́ tí irin rẹ̀ ṣì nípọn, ohun ìní gidi ni.

Ká sọ pé màmá kan wà tó ń ta èlùbọ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́, tí ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé fi Ìjàpá kan sílẹ̀. Fẹ́ńdà iwájú kan ti ń jẹrà. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́. "Màmá, ẹ má ṣèyọnu, ọ̀sẹ̀ kan péré ni." Bọ́ọ̀tù kan há, sùúrù ọ̀gá tán, ó bá fi ṣísù gé fẹ́ńdà dànù. Ó jó páànù mìíràn mọ́ ọn, ó rẹ́ pọ́tì lé e, ó kùn ún. Lọ́jọ́ tí màmá wá gbé e, mọ́tò ń dán bíi dígí. Kí òjò ọdún kan tó dá, pọ́tì ti wú, ọ̀dà ti ń ṣí, ìpẹtà ti wọnú ara mọ́tò fúnra rẹ̀. Fẹ́ńdà àkọ́kọ́ ńkọ́? Wọ́n ti wọ̀n ọ́n tà fún àwọn tó ń ra irin jíjẹrà.

Bẹ́ẹ̀, kò sídìí fún gígé kankan. Fẹ́ńdà mẹ́rin ni Ìjàpá ní, bọ́ọ̀tù ló sì de gbogbo wọn mọ́ra. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bọ́ọ̀tù bíi mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, súpánà 13 ló sì máa ń tú èyí tó pọ̀ jù. Pèpéle ẹ̀gbẹ́ tí à ń gbé ẹsẹ̀ lé, bọ́ọ̀tù ni. Bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ilẹ̀kùn, orí ínjì ni wọ́n wà. Kódà, gbogbo ara òkè mọ́tò náà, bọ́ọ̀tù ló so ó mọ́ pẹpẹ ìsàlẹ̀. Gbogbo mọ́tò kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975, bọ́ọ̀tù ló de fẹ́ńdà iwájú tirẹ̀, ṣùgbọ́n jíjó ni wọ́n jó òrùlé àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ra. Oníṣẹ́ gidi ní láti mọ èyí tó wà níwájú rẹ̀ kó tó gbé irinṣẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tú u? Bátìrì ni ìbẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ló wà, lọ́wọ́ ọ̀tún. Kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ẹnu bọ́ọ̀tù, kí wọ́n po kẹrosíìnì mọ́ ọ́ìlì, kí wọ́n dà á sí i, kó sùn ún di ọjọ́ kejì. Bó bá ń le, kí wọ́n yí i síwájú díẹ̀, kí wọ́n yí i padà sẹ́yìn díẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Bó bá di dandan láti fi iná yọ́ ọ, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, ṣùgbọ́n iwájú, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ni táǹkì epo wà! Ẹni tó bá tan gáàsì nídìí fẹ́ńdà iwájú láìkọ́kọ́ gbé táǹkì náà kúrò, ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń fi ṣeré.

Kí wọ́n tú wáyà iná iwájú, kí wọ́n sì rántí pé abẹ́ fẹ́ńdà iwájú lọ́wọ́ òsì ni fèrè wà. Bọ́ọ̀tù fẹ́ńdà kọ̀ọ̀kan, inú agolo mílíkì tirẹ̀ ni kó wà. Kí wọ́n tó tú bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí ilẹ̀kùn, kí wọ́n fi ìlà yí ojú ibi tí ínjì jókòó sí ká. Ìlà yẹn ló máa júwe ilé fún un nígbà tó bá ń padà bọ̀. Èèyàn méjì ni kó sì gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó má baà fọ́ gíláàsì.

Dídá a padà ló ń fi ọ̀gá hàn. Kí wọ́n kun inú fẹ́ńdà ní ọ̀dà tó ń lé ìpẹtà, kí wọ́n fi gíríìsì pa bọ́ọ̀tù. Ọwọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ki gbogbo bọ́ọ̀tù bọlé, kí wọ́n má tíì fún ọ̀kankan. Kí wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín fẹ́ńdà àti ara mọ́tò, torí rọ́bà yẹn ni kì í jẹ́ kí irin máa ha irin. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá jókòó dọ́gba ni kí wọ́n tó máa fún un díẹ̀díẹ̀, láti àárín lọ sí etí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì Ìjàpá, láti iwájú ló ti ń ṣí. Bí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò bá mú, atẹ́gùn lè gbé e bo ojú awakọ̀ lórí eré. Ta ló fẹ́ kí irú ìyẹn ṣẹlẹ̀ sóun láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí tírélà ń bọ̀ níwájú? Kí wọ́n sì dá ìdérí bátìrì padà, torí bí irin ìjókòó bá kan orí bátìrì, iná lè sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni mọ́tò, ẹ kọ orúkọ gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ sínú ìwé kẹ́ ẹ tó fi í sílẹ̀. Ẹ san owó díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ. Ẹ gba àlòkù yín padà, ẹ̀yin lẹ ni ín. Bẹ́ ẹ bá lọ gbé mọ́tò, ẹ mú òòfà inú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ dání, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e, kẹ́ ẹ fi kan ara mọ́tò. Ibi tó bá ti kọ̀ tí kò lẹ̀ mọ́ ọn, pọ́tì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe irin.

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́, ọmọ tó ń wo yín lónìí ló máa ṣe fírídọ́ọ̀mù lọ́la. Bó bá jẹ́ ṣísù nìkan lẹ kọ́ ọ, orúkọ yín ni àwọn oníbàárà máa fi bú u.

Ẹni tó bá ní ọgbọ́n mìíràn tó fi ń tú bọ́ọ̀tù tó há, kó fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ojú ìwé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún oníṣẹ́ àti oníbàárà.