Ta Ni Yóò Dúró Ti Ẹ̀wà Yìí?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, kí ni a ó máa pe irúgbìn tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà nínú yàrá ìwádìí? Ẹnìkan á ní "ayédèrú", ẹlòmíràn á ní "àtúnṣe". Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti dá a lẹ́bi, èkejì ti dá a láre, àgbẹ̀ kò sì tíì fojú kan irúgbìn náà.

Àwọn ìwé ìtàn tó ń ṣe àfọ̀ṣẹ ayé tó bàjẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa fi ń dá ẹjọ́ yìí. Nínú Oryx and Crake tí Margaret Atwood kọ ní ọdún 2003, Crake mọ irú ènìyàn titun, ó sì fi àrùn pa ìyókù. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí a má fọwọ́ kan àbùdá rárá. Èmi kò gbà. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé Crake kú, ó sì fi àwọn tó mọ sílẹ̀ sọ́rùn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Victor inú Frankenstein (1818) náà sá lóru ọjọ́ tí ohun tó dá lajú.

Ẹ wá wo Ọbàtálá. Ó mu ẹmu yó, ó mọ abuké, ó mọ arọ, ó mọ àfín, ṣùgbọ́n kò sá. Ó gbà wọ́n ní tirẹ̀, a sì ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà. Ẹmu sì di èèwọ̀ fún àwọn olùsìn rẹ̀. (Èmi kò ní pe àfín ní àṣìṣe ẹnikẹ́ni o, ohun tí amọ̀kòkò ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ ni mo ń wò.)

Ní ọdún 2002, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ dá irúgbìn báyìí dúró fún ọdún 5, wọ́n sì tún un ṣe ní 2008. Ní 2019, Nàìjíríà fọwọ́ sí ẹ̀wà SAMPEA 20-T láti Zaria, tí wọ́n fi àbùdá kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ sí kó lè pa kòkòrò tó ń jẹ òdòdó àti èso ẹ̀wà lóko. Àǹfààní wà níbẹ̀: oògùn tí àgbẹ̀ ń fín yóò dín kù. Ṣùgbọ́n agbègbè Kétu, níbi tí Odomẹta wà, bá Nàìjíríà pààlà, ẹ̀wà kì í sì í gba ìwé ìrìnnà. Ẹni tó ra kóńgò kan lọ́jà lè sè lára rẹ̀, kó gbin ìyókù. Bí ẹ̀wà náà bá já a kulẹ̀ lóko, ta ni yóò bi? Burkina Faso gbin òwú irú èyí láti 2008, wọ́n pa á tì ní 2016 nítorí pé fọ́nrán rẹ̀ kúrú. Àwọn iléeṣẹ́ òwú ibẹ̀ rí ẹni béèrè owó gbà-máà-bínú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlẹ́wà kóńgò kan kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Lójú tèmi, ó yẹ kí ohun tó wà nínú àpò irúgbìn, ẹni tó ṣe é, àti ibi tí a ó gbé ẹjọ́ lọ, wà lára àpò náà ní Yorùbá tí ará Odomẹta àti ará Ìmẹ̀kọ jọ gbọ́. Faransé Kùtọnu kò lè ṣe é, Gẹ̀ẹ́sì Àbújá kò lè ṣe é. Iṣẹ́ tiwa ni. Èmi mú "ẹ̀wà alábùdá-àfikún" wá. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú, kó fi ránṣẹ́.