Ìwé Ìpolówó Alùpùpù àti Ọ̀dọ́ Tí Ń Rà Á

Bí ènìyàn bá dúró ní Ọjà-Ọba ní Ìlọrin, níbi tí àwọn ìyá oníwàrà ń tà, yóò rí i pé kì í ṣe ariwo nìkan ni wọ́n fi ń polówó. Oníwàrà yóò gé bíńtín fún ọ, yóò ní kí o tọ́ ọ wò. Bí ó bá ti kan, ìwọ fúnra rẹ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, kí owó tó kúrò lápò rẹ. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè gé alùpùpù tọ́ wò? Ìwé pélébé aláwòrán tí wọ́n ń pín ní ṣọ́ọ̀bù ni ẹni tí ó fẹ́ rà á máa ń kà, ohun tí ó bá sì bá níbẹ̀ ni yóò gbà gbọ́. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ẹni tí ń ṣe ìwé ìpolówó fún alùpùpù, pàápàá alùpùpù kékeré tí a ṣe fún eré sísá, kò gbọdọ̀ fi àwòrán bo òtítọ́ mọ́lẹ̀.

Ọ̀dọ̀ wa kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1971, òfin tuntun dé sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọmọ ọdún 16 kò gbọdọ̀ gun alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ju síísíì 50 lọ, àti pé alùpùpù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní pẹ́dà bíi ti kẹ̀kẹ́. Ohun tí ìjọba ń wá ni pé kí àwọn ọmọ náà yé kú sí títì. Àwọn tí ń ṣe alùpùpù ka òfin náà dáadáa, wọ́n sì rí ihò tí ó wà lára rẹ̀: kò sọ bí eré náà ṣe gbọdọ̀ mọ. Ní 1973, Yamaha gbé FS1-E jáde níbẹ̀. Pẹ́dà wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a lè yí méjèèjì síwájú kí wọ́n di ibi ìfẹsẹ̀lé. Alùpùpù gidi tí ó wọ aṣọ kẹ̀kẹ́ ni! Ó lè sá tó máìlì 45 ní wákàtí kan. Suzuki, Honda àti àwọn ará Ítálì náà kò gbẹ́yìn. Eré àti òmìnira ni gbogbo wọ́n ń tà fún ọmọ tí kò tíì dàgbà tó ẹni tí ń wa mọ́tò. Kí n má purọ́, èmi náà ti rí àwòrán FS1-E aláwọ̀ àlùkò, ó sì wù mí. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1977, òfin mìíràn tún dé: alùpùpù kékeré tuntun kò gbọdọ̀ lè sá ju máìlì 30 lọ ní wákàtí kan. Lónìí, àwọn tí wọ́n gùn ún nígbà èwe, tí orí wọn ti funfun, ní ń fi owó ńlá wá èyí tí ó kù kiri, tí wọ́n sì ń ra ìwé ìpolówó àtijọ́ rẹ̀ pa mọ́ bí ẹni ń kó ìlẹ̀kẹ̀ jọ.

Àwọn ọlọ́jà a máa sọ pé, 'Bí a bá kọ òtítọ́ síbẹ̀, ta ni yóò rà á?' Èmi kò gbà. Ní 1963, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà gbà pé ọmọ ìta ni ẹni tí ń gun alùpùpù, Honda kò pariwo eré rárá. Ìyàwó ilé, tọkọtaya, òbí àti ọmọ ni wọ́n yà sórí alùpùpù wọn, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ènìyàn rere ni à ń bá pàdé lórí Honda. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì UCLA ni ó kọ́kọ́ ro ìpolówó náà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí olùkọ́ rẹ̀ fún un ṣe. Ọjà náà tà wàràwàrà. Ẹ má sì gbàgbé pé orúkọ lásán náà ní agbára: Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí a dá sílẹ̀ ní 1983, ti kógbá sílé tipẹ́, síbẹ̀ ọ̀kadà ni ọmọdé àti àgbà ń pe alùpùpù akérò títí di òní. Kò sí ẹni tí ó ná kọ́bọ̀ lórí ìpolówó yẹn.

Àbúrò ìyá mi ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Gàá-Àkànbí ni ó ń gbé, Afọ̀n ni ó sì ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ìwé ìpolówó kan ni ó mú wálé láti ṣọ́ọ̀bù: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí alùpùpù pupa, lójú ọ̀nà ọ̀dà tí kò ní kòtò kankan, kò dé akoto, kò sì ru ẹrù. Ojú ọ̀nà wo nìyẹn ní ìpínlẹ̀ Kwara? Kò sí ibi tí wọ́n kọ iye ẹrù tí ó lè gbé sí. Kò sí ibi tí wọ́n sọ pé bíréèkì rẹ̀ kò tó fún ẹni méjì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bọ̀ọ̀dá mi rà á. Ní oṣù kẹta, ó gbé ìyàwó rẹ̀ àti àpò gààrí sẹ́yìn, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ bíréèkì, alùpùpù kò dúró. Ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ni ó fi wà nílé, owó ilé ìwòsàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí wọ́n ra alùpùpù náà.

A lè dá Bọ̀ọ̀dá lẹ́bi. Ìyá mi dá a lẹ́bi gan-an. Ó yẹ kí ó bi mẹkáníìkì kí ó tó rà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tẹ ìwé náà mọ ohun tí kò kọ síbẹ̀.

Mo gbà pé ìwé ìpolówó gbọ́dọ̀ lẹ́wà. Ọ̀dọ́ kì í ra ohun tí ó dàbí posí. Kí àwọ̀ rẹ̀ máa dán, kí wọ́n yà á láti ẹ̀gbẹ́ kí a lè rí ẹ́ńjìnnì àti táńkì rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yà á lójú ọ̀nà tí a mọ̀, nínú eruku ọyẹ́, kí ẹni tí ó gùn ún sì dé akoto. Ní oṣù kìíní ọdún 2009 tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí mú ẹni tí kò dé e, igbá àti ike ọ̀dà ni àwọn ọlọ́kadà kan dé sórí. A rẹ́rìn-ín wọn, ṣùgbọ́n n kò mọ ìwé ìpolówó tí ó ti kọ́ wọn ní ohun tí akoto wà fún. Kí wọ́n sì kọ ọ́ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tí ń fi alùpùpù jẹun ní Ìlọrin kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ ọ́. Iye epo tí ó ń jẹ, ìwọ̀n ẹrù, iye tí wọ́n ń ta ṣéènì àti ibi tí a ti lè rí i rà: ojú ewé kan péré gba gbogbo rẹ̀.

Ìwé Bọ̀ọ̀dá ṣì wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó yí síta báyìí. Ó ti fi báírò kọ gbogbo ohun tí wọn kò sọ fún un síbẹ̀, títí dé iye tí ó ra bíréèkì tuntun, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò sì máa ń wá dà á kọ kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù.