Gbígbé Balùwẹ̀ Wọ Inú Ilé

Bí ọmọ Ìfọ́n bá ń tún ilé baba rẹ̀ ṣe lóde òní, ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ rò ni bí yóò ti gbé balùwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ kúrò ní ẹ̀yìnkùlé wá sí ẹ̀gbẹ́ yàrá rẹ̀. Àwọn kan ń bẹnu àtẹ́ lù ú pé àṣà òyìnbó ni. Àwọn mìíràn ń fi yangàn pé ọ̀làjú dé. Lójú tiwa, ìhà méjèèjì ti gbàgbé kókó ọ̀rọ̀, èyíinì ni ibi tí omi yóò gbà lọ.

Kì í ṣe àìmọ̀ ni ó mú kí àwọn baba wa kọ́ balùwẹ̀ sí ẹ̀yìn. Ní ààfin Ọlọ́wọ̀, níbi tí àgbàlá tí à ń pè ní ùghà ti tó 100 nígbà kan rí, òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àpáàdì ni a tẹ́ sí ilẹ̀ àwọn mìíràn, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe ní Ifẹ̀, kí òjò má baà wọ́ ilẹ̀ lọ. Ní ẹ̀yìn balùwẹ̀, wọn a gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ó máa mu omi ìwẹ̀. Wọ́n mọ ọ̀nà omi kí wọn tó da omi.

Síbẹ̀, a kò sọ pé kí balùwẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé títí láé. Ìyá arúgbó tí ń fi ọ̀pá tálẹ̀ jáde ní òru, tí òjò ń rọ̀, tí ilẹ̀ sì ń yọ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣàánú rẹ̀. Ó dùn wá pé ọmọ a máa kọ́ balùwẹ̀ sí yàrá ara rẹ̀, ìyá rẹ̀ a sì máa ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀. Bí owó kò bá tó ju ẹyọ kan lọ, ẹ̀gbẹ́ yàrá àgbà ni kí a kọ́ ọ sí.

Ṣùgbọ́n bí balùwẹ̀ ti ń wọlé, ni kòtò ìdọ̀tí ń sún mọ́ kànga. Ní àdúgbò Broad Street ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1854, àrùn onígbáméjì pa ènìyàn tí ó ju 600 lọ. Oníṣègùn John Snow tọ́ka sí ẹ̀rọ-omi àdúgbò náà. Nígbà tí a sì yẹ ibẹ̀ wò, a rí i pé kòtò ìgbẹ́ ilé kan ni ó ń jò sínú kànga rẹ̀. Òyìnbó pàápàá, ikú ni ó kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Àwọn àgbà ní omi tí ènìyàn yóò mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Wọn kò wí pé omi ìdọ̀tí rẹ̀ ni kí ó padà wá mu.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin ìjòyè wa, àti ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ tí ó fi Ìfọ́n ṣe ibùjókòó: kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ kòtò ìdọ̀tí láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ wo kànga rẹ̀ àti ti aládùúgbò rẹ̀. Kí kòtò jìnnà sí kànga tó mítà 30, kí ó sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀ ẹnìkan kò bá gbà á, kí àwọn ará agbo-ilé fi ìmọ̀ ṣọ̀kan, kí wọn gbẹ́ ẹyọ kan tí gbogbo wọn yóò jọ máa lò. Ẹni tí ó bá gbé balùwẹ̀ wọlé láìmọ ọ̀nà omi, àìsàn ni ó gbé wọlé.