Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Máa Fi Ọ̀pá Dárà: Ẹ̀bẹ̀ sí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nípasẹ̀ Kọmíṣọ́nnà tí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ àti eré ìdárayá wà ní ìkáwọ́ wọn.

Àwa olùkọ́ kàráátè àti kọ̀ǹfú ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn òbí tó fi ọmọ wọn sí ìkáwọ́ wa, ni a fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kọ ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń fi ọ̀pá, idà onígi, àti igi méjì alásopọ̀ tí Bruce Lee sọ di gbajúmọ̀ dárà ni a gbé wá síwájú yín.

Ọ̀pá tó ga tó ọmọ fúnra rẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún a tètè mọ̀ ọ́n yí. Ọwọ́ òsì ni ìyọnu. Ọ̀pá a já bọ́, a gbá a lójúgun, a tún bẹ̀rẹ̀ gbé e. Ọ̀sẹ̀ a gorí ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ òsì bá wá gba ohun tí ọwọ́ ọ̀tún jù láìwò ó, ẹ ó rí i lójú ọmọ náà pé ó ti mọ ohun tí sùúrù lè ṣe. Ọmọ tí kò lè gbé fóònù sílẹ̀ nílé a gbàgbé rẹ̀ lọ́dọ̀ wa fún wákàtí kan gbáko, nítorí bí ọkàn rẹ̀ bá ṣí kúrò, ọ̀pá ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un. Ní 2004, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn tó fi oṣù mẹ́ta kọ́ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù mẹ́ta sókè láìjẹ́ kó bọ́, apá tí ọpọlọ fi ń wo ohun tó ń rìn tóbi sí i. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró, ó tún fà sẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù kọ́ ni tiwa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ojú òun ọwọ́ kan náà ni.

A kò ní bu iyọ̀ sí i fún yín. Àrà dídá kì í gba ènìyàn lọ́wọ́ adigunjalè. Ẹni tó bá ń yí ọ̀pá níwájú oníbọn, orí rẹ̀ ló máa yọ ọ́. Olùkọ́ tó bá ṣèlérí irú èyí fún òbí, irọ́ ló ń pa. Ara tó dúró, ọwọ́ méjèèjì tó gbọ́ràn, àti ìbọ̀wọ̀ fún ohun tó lè ṣe ènìyàn léṣe, èyí ni a ní láti fún wọn.

Ẹ̀rù tó ń ba ìjọba nípa ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, ẹ̀rù tó tọ́ ni. Ìbàdàn ti rí àdá lọ́wọ́ jàǹdùkú rí, a kò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wò ó: àwọn tó ń yọ àdá nígbà ìdìbò, ta ni wọ́n tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀dọ̀ olùkọ́ wo ni wọ́n ti kọ́ ọ? Ọmọ tó ń jí lọ́jọ́ Sátidé lọ tẹríba fún olùkọ́ kí ó tó fọwọ́ kan ọ̀pá, òun ni àwọn ọlọ́pàá ń dá dúró lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń tú báàgì rẹ̀ nítorí igi lásán. Àwọn òbí kan ti tìtorí èyí mú ọmọ wọn kúrò. Ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ kò sì jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ìjọba mìíràn ti dojú kọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní Bùràsíìlì, òfin ọdún 1890 sọ capoeira, ìjà oníjó tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú dá sílẹ̀, di ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn ń torí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. Ọlọ́pàá lé e títí, kò tán. Ìkọ̀kọ̀ ló wọ̀. Ní 1932 ni Mestre Bimba, olùkọ́ capoeira, ṣí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Salvador, ní Bahia tí ẹ̀jẹ̀ Yorùbá pọ̀ sí. Ní 1937 ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ capoeira ló tún ń kọ́ni ní maculelê, níbi tí igi ti ń kan igi, nígbà mìíràn tí àdá ń kan àdá, bí ìlù ṣe ń dún. Ní 2014, UNESCO ka capoeira mọ́ àjogúnbá gbogbo ayé. Ní Philippines, òfin ọdún 2009 sọ arnis, ìjà onígi wọn, di eré ìdárayá orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n sì ti fi wushu, ìyẹn kọ̀ǹfú ti ìdíje, sí Òlíḿpíìkì àwọn ọ̀dọ́ ti Dakar 2026, ìdíje Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ fún ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀pá, idà àti ọ̀kọ̀ ní ìpele tiwọn nínú ìdíje wushu àgbáyé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́lá, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò wọ́n. Ẹ fún wa ní igun kan ní pápá Lekan Salami ní Adamásìngbà láràárọ̀ Sátidé. Ẹ jẹ́ kí iléeṣẹ́ eré ìdárayá kọ orúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ wá wò, kí wọ́n sì fún ẹni tó bá yege ní káàdì. Ẹni tí kò bá yege, kí wọ́n ti ibi ìkọ́ni rẹ̀ pa. A gbà pé irin ẹlẹ́nu mímú kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Lẹ́yìn náà, ẹ bá wa bá àwọn ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ lórí ọmọ tó ní káàdì tí igi sì wà nínú báàgì rẹ̀. Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Àwa ti sọ tiwa fún wọn lójú ọ̀nà, kò wọ̀ wọ́n létí.

Bí ó bá wù yín, ẹ dá ọjọ́ kan fún wa kí ọlidé ilé ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ tó wọlé. A ó kó àwọn ọmọ náà wá síwájú yín, tàwọn ti ọ̀pá wọn, kí ẹ fi ojú ara yín wò wọ́n kí ẹ tó dá wa lóhùn.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwọn olùkọ́ àti òbí, Ìbàdàn.